ÀJÀYÍ TI ODÒ ỌYA: BÍṢỌ́Ọ̀BÙ CROWTHER ÀTI Ọ̀RỌ̀-ÌṢE YORÙBÁ

Ẹni tí ó bá gun òkè Pàtì ní Lọ́kọ́ja, tí ó sì wo ìsàlẹ̀, yóò rí ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Omi méjèèjì kò kọ́kọ́ fẹ́ dàpọ̀. Àwọ̀ wọn yàtọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó di ọ̀kan. Lórí omi yìí ni ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ti lọ tí ó ti bọ̀ fún nǹkan bí ààbọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Bíṣọ́ọ̀bù ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ní ohun mìíràn tí ó yẹ kí a fi rántí rẹ̀, nítorí òun ni ọmọ Yorùbá àkọ́kọ́ tí ó jókòó, tí ó mú ọ̀rọ̀ ẹnu ìyá rẹ̀, tí ó tú u palẹ̀ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń tú ìbọn palẹ̀, tí ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní ìwé.

Ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá kò fara sin. A ti gbọ́ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́nu àwọn tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé Yorùbá kò ní gírámà gidi, pé ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà, nítorí náà kò sí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ó dùn wá, a kò ní purọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbésí ayé ẹni tí ó kọ́kọ́ bá ìṣòro náà wọ̀jà.

Ní Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni a ti bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀; ó dojú délẹ̀ wá sáyé. Ọdún 1821 ni ogun kó ìlú náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí oúnjẹ àárọ̀ ṣì wà lórí iná. Wọ́n fi okùn sí òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n sì kó wọn lọ sí Ìsẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti fi ọmọ náà ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì ni wọ́n ń tà á títí ó fi dé Èkó, tí àwọn Potogí sì rà á. Ọkọ̀ ojú omi Esperanza Felix ni wọ́n kó o sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní Sàró.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èdè rẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ju Yorùbá Ọ̀yọ́ lọ bá ara rẹ̀ láàárín ẹ̀yà tí kò lóǹkà: Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Igbó, Haúsá, Nupé, Témìnè. Láàárín oṣù díẹ̀ ó ti ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà Òyìnbó kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827, òun wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ pátápátá. Ó fẹ́ Àsanò, ọmọbìnrin tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú bíi tirẹ̀, tí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ ń jẹ́ Susan.

Kì í ṣe Crowther ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sílẹ̀. Hannah Kilham ti to díẹ̀ jọ ní 1828, John Raban tí ó ṣe ìrìbọmi fún un sì ti tẹ ìwé pẹlẹbẹ lórí èdè náà láti 1830. Ṣùgbọ́n àjèjì ni àwọn yẹn. Etí òde ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ.

Ọdún 1841 ni Crowther kọ́kọ́ fojú kan ibi tí Lọ́kọ́ja wà lónìí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, sí odò Ọya láti lọ bá àwọn ọba ṣe àdéhùn òpin òwò ẹrú. J. F. Schön, ará Jámánì, ni ó bá a rìn fún iṣẹ́ ìyìn rere. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Àtá Ìgalà létí ìpàdé omi, wọ́n sì dá oko àwòkọ́ṣe kan síbẹ̀. Ibà kò jẹ́ kí ó pẹ́. Nínú Òyìnbó 145 tí ó bá ìrìn náà lọ, 130 ni ibà mú, nǹkan bí 40 sì kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pa oko náà tì. Ohun tí Schön rí níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá gbọ́ èdè ibẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ kankan ní etí odò yìí, àti pé ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ó yẹ kí ó ṣe é. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rán Crowther lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Wọ́n fi í joyè àlùfáà ní 1843, ọdún yẹn gan-an ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde.

Nígbà tí ó padà sí Freetown, ó ṣe ìsìn ní Yorùbá ní oṣù kìn-ín-ní 1844. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ó ti kúrò nílé, Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì fi kọ́ gbogbo ohun tí ó fẹ́ wàásù, nítorí náà ẹ̀rù bà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó parí, àwọn tí wọ́n kún inú ilé ìsìn fi ohùn kan gbà á ní Yorùbá, wọ́n ní kí ó ṣẹ. Ó dà bíi pé ọjọ́ yẹn ni èdè náà tún gba ọmọ rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ sórí iṣẹ́ gírámà náà, nítorí òun ni ẹran inú ọbẹ̀. Ìwé tí ó gbajúmọ̀ jù nínú tirẹ̀ jáde ní 1852, gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ pọ̀. Ìlànà gírámà Òyìnbó ni ó tẹ̀ lé, nítorí òun ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ìlànà náà sì ní ìbéèrè kan tí ó máa ń bi èdè gbogbo: báwo ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ ṣe ń yí padà?

Ẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe kékeré kan, *mọ̀*. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pààrọ̀ ìrù ní ojú ẹni tí ń sọ ọ́. Àwọn ará Serbia àti Croatia, fún àpẹẹrẹ, ní *znati*. Bí èmi bá mọ̀, *znam* ni. Bí ìwọ bá mọ̀, *znaš*. Bí òun bá mọ̀, *zna*. Bí àwa bá mọ̀, *znamo*. Bí ẹ̀yin bá mọ̀, *znate*. Bí àwọn bá mọ̀, *znaju*. Kò di dandan kí wọ́n dárúkọ ẹni tí ó mọ̀, nítorí ìrù ọ̀rọ̀ náà ti sọ ọ́ tán. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti àná, ọkùnrin yóò ní *znao sam*, obìnrin yóò ní *znala sam*. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ wà níbẹ̀! Gẹ̀ẹ́sì tí àwa ń kọ́ kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní *know*, *knows*, *knew* àti *known*.

Tiwa ńkọ́? Mo mọ̀, o mọ̀, ó mọ̀, a mọ̀, ẹ mọ̀, wọ́n mọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò mira. Ibi tí àwọn alárìíwísí ti ń dúró nìyẹn, wọ́n á ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ bá wa wò ó síwájú. Bí a bá fẹ́ sọ pé rárá, a ó ní: n kò mọ̀, o kò mọ̀, kò mọ̀. *Mo* ti di *n*. *Ó* ti pòórá pátápátá, kò sì sí ẹni tí ó ṣàfẹ́rí rẹ̀. Bí ó bá di ti ọ̀la, n ó mọ̀, yóò mọ̀. Bí a bá mú ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn, mo lọ, *mo* á di *mò* nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́: mò ń lọ. Ìyípadà náà wà, ẹnu ọ̀nà ni ó wà, kì í ṣe inú yàrá. Arọ́pò-orúkọ àti àwọn wúnrẹ̀n tí ó ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí ìrù ọ̀rọ̀ ń ṣe fún àwọn ará Serbia. Bákan náà, mo mọ̀ ń sọ nípa ìsinsìnyí, ṣùgbọ́n mo lọ ń sọ nípa ohun tí ó ti kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí àmì kan tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ àfi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá àsìkò bí ti Òyìnbó nínú rẹ̀ yóò sọnù.

Kí a má sì tún sọ pé *mọ̀* kì í yí padà rárá. Ohùn rẹ̀ ń yí. Nígbà tí ó bá dá dúró, ohùn ìsàlẹ̀ ni: mo mọ̀. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ó gòkè sí ohùn àárín: mo mọ ilé, mo mọ Àjàyí. Bí arọ́pò-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ó tún padà sí ìsàlẹ̀, ó sì ti arọ́pò-orúkọ náà sókè: ó mọ̀ mí, mo mọ̀ ọ́n. *Rí* kì í ṣe irú eléyìí ní tirẹ̀. Ilé ni mo rí, mo rí ilé, ohùn òkè ni níbi gbogbo. Kì í ṣe olùkọ́ ni ó kọ́ wa ní èyí. Gbogbo wa ni a ń ṣe é láti ìgbà tí a ti ń rá kòrò, a kò sì mọ̀ pé à ń ṣe é.

Ohun kan tún wà nínú ìwé 1852 náà tí a rò pé ó ṣe pàtàkì fún àwa tí a wà ní ìpínlẹ̀ Kogí. O. E. Vidal, bíṣọ́ọ̀bù Sàró, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Vidal ṣàkíyèsí pé fáwẹ̀lì arọ́pò-orúkọ a máa bá fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe mu: níwájú *dé*, *mo* ni, níwájú *lọ*, *mọ* ni, mọ lọ. Àǹkóò fáwẹ̀lì ni à ń pè é ní kíláàsì. Àkọtọ́ òde òní kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, *mo* kan ṣoṣo ni ó kù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà yóò gbọ́ ọ láàyè lẹ́nu àwọn àgbà. Nígbà tí ọmọ Ìlá-oòrùn bá ń sọ bẹ́ẹ̀ lónìí, àwọn ará Ìbàdàn àti Èkó á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ẹ̀yin ọmọ Yàgbà, Ìjùmú, Búnú, Owé àti Ọ̀wọ́rọ̀ mọ irú ẹ̀rín yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni kì í fẹ́ kí Okun jáde lẹ́nu yín ní kíláàsì. Ẹ lọ tẹ́tí sí ìyá àgbà yín, kí ẹ sì kọ bí ó ṣe ń pe mo, o àti ó níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan. Ìwé àpilẹ̀kọ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kí a padà sí ọ̀nà. Láàárín ìwé 1843 àti ti 1852, Crowther ti dé ilé. Ó gúnlẹ̀ sí Bàdágìrì ní 1845, ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni ó sì rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyá náà, Afàlá, kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń wo ọmọ rẹ̀. Ní 1848, ó wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta, Hannah ni orúkọ tí ó gbà.

Ìtumọ̀ Bíbélì ni ó gba ìyókù agbára rẹ̀ lórí Yorùbá. Òun àti àwọn mìíràn bíi Thomas King ni wọ́n jọ ṣe é, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn, títí odidi Bíbélì fi jáde ní 1884. Kì í ṣe inú yàrá nìkan ni ó ti ń wá ọ̀rọ̀. Ó ń jókòó ti àwọn àgbà àti àwọn abọrẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn, bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà, bí wọ́n ṣe ń pòwe. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe tí ó ti ń kó jọ fún ọdún mọ́kànlá jóná mọ́ ọn, pẹ̀lú ìtumọ̀ àwọn ìwé Mósè tí kò tíì tẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ bá ti sọnù rí yóò mọ ohun tí à ń wí. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ní 1875, nígbà tí àwọn ìjọ pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, òun ni ó ṣe alága. Orí ìpinnu yẹn ni àkọtọ́ wa jókòó lé fún ohun tí ó sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Nísinsìnyí, Lọ́kọ́ja. Ní 1854, Crowther tún gba odò gòkè nínú ọkọ̀ Pleiad pẹ̀lú Dókítà Baikie. Oògùn kuiníìnì ni Baikie ń fún àwọn ènìyàn rẹ̀, Òyìnbó kan kò sì kú. Ìrìn 1857 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọ ní Onitsha, tí wọ́n sì fi ojú sí Gbẹ̀bẹ̀, lódì kejì odò sí ibi tí Lọ́kọ́ja wà. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ lórí àpáta nítòsí Jẹ́bbà lóṣù kẹwàá. Baikie ni ó tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja lẹ́yìn náà. Crowther ṣe ìrìbọmi àkọ́kọ́ ní Gbẹ̀bẹ̀ ní 1862. Nígbà tí ìjà ìgboro tú Gbẹ̀bẹ̀ ká, Lọ́kọ́ja ni ìjọ náà kó lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity tí àwọn ará Lọ́kọ́ja fi ń yangàn, tí wọ́n ní 1865 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọwọ́ ìjọ yìí ni ó ti wá.

Èdè kò tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ABD Igbó tí ó ṣe jáde ní 1857. Gírámà Nupé jáde ní 1864. Ìyẹn náà ni ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Yunifásítì Oxford sì fún un ní oyè Dókítà.

Iṣẹ́ orí odò kì í ṣe ti ìrọ̀rùn. Ní 1867, ìjòyè Ìgalà kan tí ń jẹ́ Àbókò mú òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson, ó sì bèèrè owó ẹyọ rẹpẹtẹ kí ó tó lè fi wọ́n sílẹ̀. Fell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, ni ó lọ gbà wọ́n. Wọ́n bọ́, ṣùgbọ́n ọfà olóró pa Fell. Ọmọdé tí a fi ṣe pààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn tún di ẹni tí wọ́n ń dá owó lé lórí nígbà tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti korò ni ìparí. Láti nǹkan bí 1880 ni àwọn Òyìnbó kan ti ń kọ̀wé sílé pé àwọn òṣìṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù náà kò kún ojú òṣùwọ̀n. A kò sọ pé gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni ó mọ́. Agbègbè iṣẹ́ náà gùn, Èkó sì ni bíṣọ́ọ̀bù ń gbé, kò lè wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é kò dára. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀, Dandeson ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú. Arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé díẹ̀ dìde, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Méjì nínú àwọn aṣáájú ọ̀dọ́ náà, J. A. Robinson àti Graham Wilmot Brooke, fi Lọ́kọ́ja ṣe ibùjókòó. Aṣọ Haúsá ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n fẹ́ fi hàn pé àwọn lè ṣe é ju tàtijọ́ lọ. Ibà pa Robinson ní Lọ́kọ́ja ní oṣù kẹfà 1891, ó sì pa Brooke níbẹ̀ bákan náà ní oṣù kẹta 1892.

Crowther ti lọ kí Brooke tó kú. Èkó ni ó ti jáde láyé ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ Ajẹ́lẹ̀. Òyìnbó, Joseph Hill, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 1892, àwọn ìjọ ìsàlẹ̀ odò Ọya lábẹ́ Dandeson ya ara wọn sọ́tọ̀, wọ́n ní àwọn yóò máa bọ́ ara àwọn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, tí Abigail ọmọ rẹ̀ bí, ni Herbert Macaulay tí gbogbo wa mọ̀.

Ní àwọn ọdún 1970 ni ìjọba wó itẹ́ Ajẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbé egungun bíṣọ́ọ̀bù náà lọ sí Cathedral Church of Christ ní Marina. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2014, tí ó pé 150 ọdún géérégé tí wọ́n fi í joyè, wọ́n ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury, ní ilé ìjọsìn kan náà, níbi tí Justin Welby, olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Áńgílíkà nígbà náà, ti tọrọ àforíjì fún ohun tí wọ́n ṣe sí i.